Pépà Kejì: Ìkọlù Ọkàn Ìyá Onígààrí Kan ní Àjàṣẹ́

Aago 8:10 àárọ̀ ni wọ́n gbé ìyá yìí dé ẹ̀ka pàjáwìrì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Zémidjan ni wọ́n gùn wá: ọlọ́kadà níwájú, ìyá láàárín, ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́yìn, tó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra kó má bàa yẹ̀ ṣubú. Ẹni ọdún 61 ni, ará Kétu, gààrí ló ń tà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń kó àpò gààrí sọ́kọ̀ láti Kétu, kó gba Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ kọjá, kílẹ̀ tó mọ́ bá a ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà, òru ni wọ́n sì máa ń rìn ín kí wọ́n lè bá ọjà àárọ̀.

Mo gba àṣẹ lẹ́nu ìyá àti ọmọ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Èyí tó jẹ mọ́ àìsàn náà, àti èyí tó jẹ mọ́ àṣìṣe tèmi, mi ò fọwọ́ kàn án.

"Inú ló ń ta mí, ọmọ mi. Láti òru ni."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tí egungun àárín àyà parí sí, ó ní ibẹ̀ ni. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Pobẹ̀ ni ìrora náà ti mú un ní nǹkan bí aago 5. Ó lọ, ó tún dé ní Sakẹ́tẹ́, ó tún lọ. Ìgbà tí wọ́n ń já àpò sílẹ̀ ní Ouando ní aago 7 ló dé tó jókòó tì í. Ẹni tó ń ta oògùn nínú ọjà fún un ní oògùn funfun olómi tí wọ́n ń mu fún ọgbẹ́ inú, nítorí ó ti pẹ́ tí ìyá ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ní ọgbẹ́ inú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìgbà tí orí bá fọ́ ọ nìkan ló máa ń lo oògùn rẹ̀. Wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ohun tó ṣe sí i ni pé kò fi ṣúgà mu ẹ̀kọ mọ́.

Mo bi í bóyá ìrora náà ń lọ sí apá. Ó ní rárá. Sí ẹ̀yìn ń kọ́? Rárá. Sí àgbọ̀n? "Eyín ìsàlẹ̀ ló ń dùn mí díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní kí n yọ ọ́." Mo kọ eyín mọ́ àwọn àìsàn àtijọ́, mo sì kọjá lọ. Gbólóhùn yẹn ṣì máa ń padà wá bá mi lórí ibùsùn.

Tẹ́ńsíọ̀n rẹ̀ jẹ́ 15 lórí 9, bí a ti ń kà á níbí (150 lórí 90 ni àwọn mìíràn ń pè é). Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2.4 nínú lítà kan. Ara rẹ̀ tutù ní ọ̀nà méjèèjì tí Yorùbá ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà: ó rin gbindin fún òógùn, ó sì tutù bí omi àmù. Nọ́ọ̀sì tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, tí mo máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n nítorí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ń lẹ àwọn ojú wáyà ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí pépà mọ́ ọn láyà, wọ́n ń bọ́. Ó fi òwú nù ún, ó lẹ̀ wọ́n, wọ́n tún yọ̀ kúrò. Nígbà kẹta, ó fi etí ìró ìyá fúnra rẹ̀ nu àyà náà gbẹ, ó sì fi ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi yà á tán.

Pépà àkọ́kọ́

Ẹlẹ́kitírò la ń pe àyẹ̀wò yìí níbí. ECG ni wọ́n ń kọ sórí ìwé. Ó yẹ kí n sọ ohun tó máa ń wà lórí pépà náà, nítorí orí pépà ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Iná mànàmáná kékeré ló ń mú ọkàn lù. Kí ọkàn tó fún ara rẹ̀ jọ, iná yìí á ti rìn láti òkè wá sísàlẹ̀ nínú ẹran ọkàn. Ẹ̀rọ kì í fi iná kankan sí ara aláìsàn, bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Ó kàn ń gbọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ ni. Ojú méjìlá ló sì fi ń wò ó. Ojú tí a ń pè ní II, III àti aVF ń wo ọkàn láti ìsàlẹ̀, níbi tó ti jókòó lórí awọ tó pààlà àyà àti ikùn. Ojú aVL ń wò ó láti èjìká òsì. V1 dé V6 wà lórí àyà gan-an, wọ́n ń wò ó láti iwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Willem Einthoven, ará Netherlands, ló fún àwọn òkè àti kòtò orí pépà ní orúkọ P, Q, R, S, T tí a ṣì ń lò. Iṣẹ́ yìí ló mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924. Nígbà tirẹ̀, inú garawa omi iyọ̀ ni aláìsàn máa ń ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀ kí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọkàn.

P ni òkè kékeré ìbẹ̀rẹ̀. QRS ni ṣóńṣó gíga tó tẹ̀lé e, ìgbà tí iná gba inú ìyẹ̀wù ńlá ìsàlẹ̀ kọjá. T ni òkè gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ìgbà tí ẹran ọkàn ń sinmi láti tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín QRS àti T ni ìlà ST wà. Ìlà náà yẹ kó tẹ́ bí ẹní, kó bá ilẹ̀ pépà dọ́gba. Àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan orí pépà jẹ́ mìlímítà 1. Ní ìbú, ìṣẹ́jú àáyá 0.04 ni.

Pépà ìyá yìí jáde ní aago 8:25. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 58 ní ìṣẹ́jú kan. Mo wá ST tó gbé sókè, mi ò rí i. A fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ìlà àyẹ̀wò tròpónìn, èyí tó ń wá àmì ẹran ọkàn tó bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló yọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí àmì ìkọlù ọkàn, mo kọ oògùn ọgbẹ́ inú fún un. Ní aago 8:45 ìrora náà lọ pátápátá. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí a jẹ́ kí òun lọ, pé ẹni tí òun fi gààrí sọ́dọ̀ rẹ̀ kò mọ iye tí òun ń tà á.

Ẹ̀gbọ́n ń ká wáyà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Dókítà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lọ. Ọgbẹ́ inú kì í mú ènìyàn làágùn báyìí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ECG mọ́, tròpónìn náà mọ́."

"Ó mọ́ nísinsìnyí. Bí ìrora yẹn bá padà, ẹ jẹ́ ká yà á lórí ìrora."

Mo gbà. Kí n sọ òótọ́, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ni mo fi gbà, kì í ṣe pé mo rí ohun tó rí.

Aago 9:05

Ìyá ti dìde, ó ń tún ìró ró. Ó dá ọwọ́ dúró, ó jókòó padà sórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ó ti dé." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ti ń lẹ ojú wáyà kí n tó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ń wo ojú III bó ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìlà tó yẹ kó tẹ́ bí ẹní ti wú bí ẹ̀yìn ahun. Mìlímítà 3 ni ST fi ga sókè ní ojú III, 2.5 ní aVF, 2 ní II. Ní aVL, tó ń wò ó láti òdìkejì, ST rì sílẹ̀ ní mìlímítà 2. Ibi tí a bá ti rí ojú kan tó gbé sókè, tí èyí tó kọjú sí i rì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọgbẹ́ inú. Ìsàlẹ̀ ọkàn ìyá yìí ni kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Ní ọdún 1920 ni Harold Pardee, dókítà kan ní New York, ti kọ̀wé nípa irú ST báyìí lára ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí.

Mo fa pépà àkọ́kọ́ yọ nínú fáìlì, mo tẹ́ méjèèjì síra lórí tábìlì. Ó ti wà níbẹ̀ ní 8:25. Ní aVL, ST ti rì, kò ju ìdajì mìlímítà lọ, T rẹ̀ sì ti dorí kodò. Ní ojú III, T ga ju QRS tirẹ̀ lọ, ó sanra ní ìdí. Àmì àkọ́kọ́ tí ìsàlẹ̀ ọkàn máa ń fi hàn kí ST tó dìde nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo wá ohun tó gbé sókè, mi ò wá ohun tó rì. Ẹni tó ń wá ewúrẹ́ dúdú kì í rí funfun tó dúró níwájú rẹ̀.

Kí ló dé tí pépà méjì fi yàtọ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú? Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti sanra nínú láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Lóru ọjọ́ yẹn, awọ tó bo ọ̀rá inú iṣan náà ya, ẹ̀jẹ̀ sì dì lé e. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí kì í fi gbogbo ìgbà dí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè dí i, kó ṣí díẹ̀, kó tún dí i. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi mú un ní Pobẹ̀, tó fi í sílẹ̀, tó tún mú un ní Sakẹ́tẹ́. A ya pépà àkọ́kọ́ nígbà tí ọ̀nà ti ń ṣí díẹ̀. Tròpónìn ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tó ń jò jáde nínú ẹran ọkàn tó ti bàjẹ́. Wákàtí bíi mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà kó tó pọ̀ tó ohun tí irú àyẹ̀wò wa lè rí. A tètè wò ó jù.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́. ECG kan ṣoṣo dà bí ìgbà tí èèyàn yọjú wo ọjà lẹ́ẹ̀kan tó sì padà sílé: ohun tó rí jẹ́ òótọ́, kò sì ju ti ìṣẹ́jú yẹn lọ. Ìyípadà láti pépà kan sí èkejì ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ST rẹ̀ ga ní V2 dé V4, tí kò sì sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ya tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní yí padà. Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kú á yí padà lójú rẹ. Bí ìrora kò bá lọ, tàbí tó lọ tó bọ̀, ká tún un yà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n.

A fún un ní aspirin mílígíráàmù 300, a ní kó rún un lẹ́nu kó má gbé e mì lódidi. Clopidogrel mílígíráàmù 300, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tẹ̀lé e. Inú mi máa ń dùn láti sọ ti aspirin, nítorí kò wọ́n, ó sì wà níbi gbogbo. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1988, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ISIS-2, èèyàn 17,187 ni wọ́n tẹ̀lé: aspirin nìkan dín ikú ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, streptokinase, dín in kù ní ìdá 25. Méjèèjì pọ̀, ìdá 42.

Ọ̀kan nínú wa ti mú oògùn abẹ́ ahọ́n lọ́wọ́, èyí tó ń ṣí iṣan tí a sì máa ń fún ẹni tí àyà ń dùn. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi gbé ojú wáyà V4 láti òsì lọ sí ọ̀tún àyà, ní ibi kan náà lódìkejì. ST gbé sókè níbẹ̀ pẹ̀lú, mìlímítà 1.5. Ìyẹn ni pé ìyẹ̀wù ọ̀tún ọkàn náà fara gbá. Ìyẹ̀wù ọ̀tún tó bá ti rọ báyìí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá kún un dáadáa. Oògùn abẹ́ ahọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tẹ́ńsíọ̀n á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi ló ń fẹ́. A so omi iyọ̀ mọ́ ọn lápá méjèèjì.

Mo pe fóònù kiri láti wá ibi tí wọ́n ti lè ti wáyà gba inú iṣan lọ ṣí i. Lọ́jọ́ yẹn, a ò rí ibi tó lè gbà á kí wákàtí méjì tó pé, bí kò bá sì ṣeé ṣe láàárín ìyẹn, oògùn ni a gbọ́dọ̀ lò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá ní ìbéèrè mìíràn nípa ọgbẹ́ inú rẹ̀, nítorí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lè mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀ pa èèyàn. Ṣé ó ti bi ẹ̀jẹ̀ rí? Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà rí? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣé ó ti ní rọparọsẹ̀, ṣé ó ti fi orí gbá nǹkan láìpẹ́? Rárá ni gbogbo rẹ̀. Bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ ló hàn pé kò sí ẹni tó yẹ inú rẹ̀ wò rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ àìsàn náà lórúkọ.

Ìwé oògùn wà lọ́wọ́ ọmọ. Ó dúró, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ìyá na ọwọ́ sí etí ìró rẹ̀ kejì, èyí tí ẹ̀gbọ́n kò fi nu òógùn, ó tú kókó tó wà níbẹ̀. Owó gààrí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ó ká a róbótó. "Lọ rà á," ó ní. Ọmọ náà sáré jáde.

Aago 9:50 ni streptokinase bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ yúnìtì fún wákàtí kan. Ní 10:05 tẹ́ńsíọ̀n já sí 8 lórí 5. A dín eré oògùn náà kù, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, a sì jẹ́ kí omi máa yára wọlé. Ọkàn rẹ̀ ti rọ̀ sí 44. Lórí ẹ̀rọ, àlàfo láàárín P àti QRS ń gùn sí i, ó ń gùn sí i, títí QRS kan fi pa jẹ tí kò yọ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣan ọ̀tún yẹn kan náà ló sábà máa ń bọ́ ibi tí iná ọkàn ti ń gba òkè kọjá sísàlẹ̀, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu. Atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn yára lù, mílígíráàmù 0.5, gbé e padà sí 64. Ìyá ń wo òrùlé, ó ń ka nǹkan lábẹ́ ahọ́n. Mi ò bi í pé kí ni.

Ní 10:40, ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ọ̀nà mìíràn: QRS fẹ̀, ó rọra ń lọ déédéé, bí ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ké, ó rò pé ọkàn fẹ́ dúró. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi lọ fúnra rẹ̀. Irú ìlù yìí máa ń wá nígbà tí iṣan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tí ẹ̀jẹ̀ tún kàn ẹran tí ebi ti ń pa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í fi oògùn lé e. Ìyá ní, "Ó ti fi mí sílẹ̀." Ní 11:20, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oògùn bẹ̀rẹ̀, ST ojú III ti wálẹ̀ láti 3 sí 1. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ ní àsìkò yẹn, a máa ń gbà pé ọ̀nà ti ṣí.

Ohun tó kú àti ohun tó ṣẹ́kù

Ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n a ò dá gbogbo ẹran ọkàn padà. Bí iṣan bá dí pátápátá, ẹran tó ń bọ́ lè farada á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele inú lọ́hùn-ún, tó jìnnà jù sí orísun ẹ̀jẹ̀, tí ìfúnpọ̀ ọkàn sì ń tẹ̀ jù, ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ikú á wá máa rìn bọ̀ síta. Reimer àti Jennings fi hàn lára ajá ní ọdún 1977: bí ẹ̀jẹ̀ bá padà lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ìpele inú ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó kú, bí ó bá di wákàtí mẹ́fà, ikú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo nínípọn ògiri ọkàn. Ti ìyá yìí ń dí, ó ń ṣí, láti aago 5 sí 7, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́. Ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi dá a dúró lórí ọgbẹ́ inú kò ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ń gbé ST sókè gan-an ni ẹran tó fara pa tí kò tíì kú. Iná ara rẹ̀ kò bá ti aládùúgbò rẹ̀ tó yè dọ́gba mọ́, iná sì ń ṣàn láàárín àwọn méjèèjì. ST tó ga túmọ̀ sí pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀ tí a lè gbà là. Mo fẹ́ kí àwọn ẹbí aláìsàn mọ èyí nígbà tí a bá ń sáré tí a ń jágbe mọ́ ara wa.

Ní ọjọ́ kejì, tròpónìn ti fò sókè, ìlà àyẹ̀wò sì yọ kedere. Lórí ECG, ST ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀, T ti dorí kodò, kòtò Q tí kò sí tẹ́lẹ̀ sì ti wà ní III àti aVF, ó fẹ̀ ju àpótí kékeré kan lọ. Ẹran tó ti kú kì í mú iná jáde. Ojú wáyà tó kọjú sí i á wá máa wò bí ẹni gba ojú fèrèsé kọjá, ògiri òdìkejì ni yóò rí, iná ibẹ̀ sì ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń gbẹ́ kòtò Q nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìyá ti di ẹrù rẹ̀ láti lọ. Ó ní ara òun ti yá, ọjà ń bẹ nílẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń kó òkú ẹran náà kúrò, àpá kò sì tíì gbó. Ibẹ̀ rọ̀ jù lọ ní àsìkò yẹn, ògiri ọkàn sì lè ya. Bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ fún un ni mi ò mọ̀, títí mo fi rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àpá iná kan wà níbẹ̀, ó gùn, ó ń dán, kò sí irun kan lórí rẹ̀.

"Ìyá, kí ló ṣe yín níbí?"

"Agbada gààrí ni. Mo ṣì jẹ́ ọmọge nígbà yẹn."

"Nígbà tó jó yín, ẹ fi ọwọ́ yẹn din gààrí lọ́jọ́ kẹfà?"

Ó wò mí. "Ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án? Omi ń ṣe lára rẹ̀."

"Irú ẹ̀ ló wà nínú ọkàn yín báyìí."

Ó tú ẹrù rẹ̀. Ó sun ọjọ́ mẹ́rin sí i lọ́dọ̀ wa.

Kó tó lọ, a fi ẹ̀rọ àwòrán wo ọkàn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Ògiri iwájú ń fún ara rẹ̀ jọ dáadáa. Ògiri ìsàlẹ̀ ń fà tìkọ̀, ibì kan níbẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún ìyẹ̀wù òsì, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń tì jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Ti ọkàn tó dá ṣáṣá máa ń lé ní 50. Ó fi díẹ̀ dín, ó sì lè gbé e. Ìyẹ̀wù ọ̀tún ti padà bọ̀ sípò, bó ti sábà máa ń ṣe.

Ó gba aspirin, clopidogrel, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dáàbò bo ọkàn kó má fẹ̀ jù, metformin fún àtọ̀gbẹ, àti èyí tó ń dín eré ọkàn kù, tí a ò bẹ̀rẹ̀ títí àlàfo P àti QRS fi padà sípò. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, rán àpò kékeré mẹ́ta pọ̀ mọ́ra wọn, ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, nítorí ìyá kò mọ ìwé kà. Mo ti ní kí àwọn aláìsàn mìíràn ṣe irú rẹ̀.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó gba ọ̀nà Kétu wá lọ́sàn-án. ST ti tẹ́. Bí ó bá ṣì ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rù á bà wá pé ògiri ọkàn ti wú bí bàlúùnù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. T ti ń gbé orí sókè díẹ̀. Q wà níbẹ̀ gbọn-in. Ó bi mí bóyá yóò parẹ́. Mo tọ́ka sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí, kò bi mí mọ́.

Pépà ECG máa ń ṣá; ooru àti oòrùn á jẹ ẹ́ títí yóò fi di funfun. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí pépà lásán fún un, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì ṣàlàyé pé dókítà tó bá tún rí i lọ́jọ́ iwájú, yálà ní Kétu tàbí ní Pobẹ̀, gbọ́dọ̀ rí èyí kó tó lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun àti èyí tó jẹ́ àpá. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, sí òdìkejì ibi tí owó wà.